Pósítà Tí Mo Fi Ọwọ́ Ara Mi Yà

Bàbá tí mo ń tọ́jú ní Bronx kì í fi bẹ́ẹ̀ rí tẹlifíṣọ̀n. Ojú rẹ̀ ọ̀tún ti fọ́, tòsì náà ń rí bàìbàì. Etí ló fi ń wò ó. Láràárọ̀, tí mo bá ti wẹ̀ fún un tán, tí mo ti fún un lóògùn, tí a sì ti jẹun, màá gbé e jókòó sórí àga tó wà lẹ́bàá fèrèsé, yóò máa gbọ́ ìròyìn lédè Lárúbáwá títí oorun yóò fi gbé e lọ. Ará Yemen ni. Ó ta kọfí àti búrẹ́dì ní ìsọ̀ kan fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kọ ìdúró. Títí di ìsinsìnyí, tí mo bá gbé tíì fún un, ó máa ń béèrè bóyá mo ti gba ṣéńjì mi.

Aago mẹ́ta ọ̀sán ni ọmọ ọmọ rẹ̀ máa ń ti ilé ìwé dé. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, ó máa ń wé ìborùn dúdú, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Yóò ju báàgì sílẹ̀, yóò fẹnu ko bàbá àgbà rẹ̀ lórí, yóò sì gba rìmóòtù.

"Bàbá àgbà, ẹ dákẹ́ o, wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀."

Bàbá ò tíì sọ nǹkan kan.

Eré àwọn ọmọbìnrin ilé ìwé ló máa ń wò. Lárúbáwá ni gbogbo wọn. Yunifọ́ọ̀mù wọn jẹ́ aláwọ̀ eérú, ògiri ilé ìwé wọn ga, igi ọsàn wà láàárín ọgbà. Ọmọ dẹ́rẹ́bà ilé ìwé náà wà lára wọn, òun ni wọ́n ń fìyà jẹ. Wọ́n á gbé bàtà rẹ̀ pa mọ́. Wọ́n á da yíǹkì sórí ìjókòó rẹ̀. Wọ́n tì í mọ́ inú yàrá tí wọ́n ń kó àga àtijọ́ sí, wọ́n bá tiwọn lọ sílé. Nígbà tó yá ọmọ náà fi ilé ìwé sílẹ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ó padà wá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ̀san lára wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń kọ sísàlẹ̀, ṣùgbọ́n kí n tó ka ìlà kan tán, òmíràn ti dé. Ìwé mi ò pọ̀. Ọmọbìnrin yìí ló máa ń sọ ohun tí wọ́n ń sọ fún mi, tó bá wù ú.

Bàbá ní ìbéèrè kan. Ìgbàkígbà tó bá gbọ́ ẹkún lórí tẹlifíṣọ̀n, ó máa ń béèrè pé, "Ìyá rẹ̀ ńkọ́?"

"Bàbá àgbà, kò sí ìyá níbẹ̀. Eré ni."

"Gbogbo àwọn ọmọ yìí, kò sí èyí tó ní ìyá? Ta ló ń dì í nírun wá sílé ìwé?"

Ọmọ náà á yíjú sí mi, á rẹ́rìn-ín. Èmi náà á rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ tí ẹ̀rín yẹn kúrò lẹ́nu mi, ojo ń rọ̀. Nínú eré náà, gbogbo kíláàsì ti fẹnu kò pé kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ dá ọmọ dẹ́rẹ́bà lóhùn. Ó ń béèrè ìwé rẹ̀, kò sẹ́ni tó gbójú sókè. Ó fọwọ́ kan ọ̀kan léjìká, ìyẹn gbọn èjìká bí ìgbà tí eṣinṣin bà lé e. Ó dúró síwájú pátákó, ó ń pe orúkọ wọn níkọ̀ọ̀kan, wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Orí ìdúró ni mo wà, ife tíì bàbá wà lọ́wọ́ mi. Mi ò mọ̀ pé mo ti da díẹ̀ nínú rẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì.

"Ẹ̀gbọ́n," ọmọbìnrin náà pè mí. Èmi ni mo kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ yẹn. "Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ṣé ẹ máa padà wá gbẹ̀san?"

Mo ní mi ò mọ̀.

"Tó bá jẹ́ èmi ni, mi ò ní padà. Màá jókòó sílé mi. Wọ́n á máa retí mi. Wọ́n á máa wẹ̀yìn wò títí ayé wọn." Ó fi ṣípìsì ọ̀dùnkún kan sẹ́nu. "Ìyẹn ló dùn jù."

Mo lọ mú aṣọ ìnulẹ̀ ní kíṣìnnì. Mo pẹ́ níbẹ̀.

* * *

Ìlú kékeré kan lójú ọ̀nà Ìsẹ́yìn ni mo ti kàwé díẹ̀ tí mo kà. Bẹ́ǹṣì kan náà ni èmi àti ọmọkùnrin kan jọ ń jókòó lé. Ó ní àrùn inú ẹ̀jẹ̀ tí àwọn ará ilé wa ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde. Ara rẹ̀ tín-ín-rín, etí rẹ̀ méjèèjì fẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n lẹ̀ wọ́n mọ́ ọn lẹ́yìn tó dàgbà tán, funfun ojú rẹ̀ sì máa ń rí bí omi àgbo. Ìyá rẹ̀ ti bí mẹ́ta ṣáájú rẹ̀, kò sí èyí tó dúró. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, ẹ̀bẹ̀ ni. Tí tíṣà bá pè é ní kíláàsì, bí ẹni pé ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má lọ.

Ọ̀rẹ́ ni wá. Mo fẹ́ kí ìyẹn yé ẹni tó bá ń ka èyí. Èmi mọ àwòrán yà, òun mọ ìṣirò. Èmi ni mo máa ń ya ẹja àti aáyán àti ọkàn ènìyàn sínú ìwé bayọ́lọ́jì rẹ̀, òun ló máa ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá mi. Tí mo bá ń yàwòrán, ó máa ń gbé àgbọ̀n lé ọwọ́, á máa wò mí, á máa rẹ́rìn-ín láìsí ohùn. Eyín iwájú rẹ̀ kan gun èkejì.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, gbogbo wa la máa ń ro koríko ọgbà ilé ìwé. Òun kì í ro. Tíṣà máa ń gbé àga fún un síbi ìbòòji, wọ́n á fún un ní bébà kó máa kọ orúkọ àwọn tó sá. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, mo sá. Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwé ni mo lọ sùn sí. Nígbà tí wọ́n ka orúkọ, orúkọ mi wà níbẹ̀, òun ló kọ ọ́. Wọ́n nà mí lójú gbogbo ènìyàn.

Mo ní, "Ìwọ!"

Ó ní, "O ò ro kẹ̀. Ṣé kí n purọ́?"

Òótọ́ ló sọ. Òótọ́ yẹn ló bí mi nínú jù.

Ẹnikẹ́ni tó bá mọ ilé wa mọ ògiri tí wọ́n ń lẹ pósítà òkú mọ́. Bí ènìyàn bá kú, wọ́n á tẹ fọ́tò rẹ̀ sórí bébà ńlá, wọ́n á kọ ọ́ pé Ó DÌGBÓṢE, wọ́n á kọ ọjọ́ àìsùn àti ọjọ́ ìsìnkú, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ káàkiri àdúgbò. Ibẹ̀ ni a ti máa ń gbọ́ pé lágbájá ti kú. Tí o ò bá rí pósítà ẹnì kan, ó ṣì wà láyé nìyẹn.

Ọjọ́ Sátidé àti ọjọ́ Àìkú ni mo fi ya tirẹ̀. Kádíbọ́ọ̀dù funfun ni mo rà, mo fi pẹ́ńsùlù yà á, mo fi yíǹkì dúdú tẹ̀ ẹ́. Mi ò ya nǹkan tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo ya etí rẹ̀, mo ya eyín tó gun èkejì, mo ya ẹ̀rín rẹ̀ aláìlóhùn. Mo kọ Ó DÌGBÓṢE sí i lókè. Mo kọ orúkọ rẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀ mo kọ ọ́ pé: Àìsùn ní kíláàsì wa. Ìsìnkú lẹ́yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Gàrí àti ẹ̀pà yóò wà fún gbogbo àlejò.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó kó tó dé. Àwọn ọmọkùnrin fẹ́ẹ̀ kú fún ẹ̀rín. Wọ́n gé ọ̀rá dúdú, wọ́n so ó mọ́ ọwọ́ ṣáàtì. Ta ló kọ́kọ́ sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá a lóhùn? Mo ti gbìyànjú láti rántí. Mo rò pé èmi ni.

Ó wọlé, ó rí i, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ ò dáa rárá."

Ẹnì kan ní, "Ẹ gbọ́ nǹkan?"

Òmíràn ní, "Atẹ́gùn ni jàre. Ẹ ti fèrèsé yẹn."

"Ah, òtútù òkú dé o!"

Ó jókòó tì mí. "Yá mi ní rúlà rẹ." Rúlà wà níwájú mi. Mi ò yí ọrùn mi. Ó tún sọ ọ́, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. "Jọ̀ọ́, yá mi ní rúlà." Mo gbé ọwọ́ sétí bí ẹni tí ẹ̀fọn kùn sí. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Kò tún sọ̀rọ̀ mọ́ títí di ìgbà ìsinmi.

Nígbà ìsinmi, pósítà náà kò sí lára pátákó mọ́. Ẹnì kan ti gbé e lọ sẹ́nu géètì, ó lẹ̀ ẹ́ sáàárín pósítà àwọn òkú gidi tó wà níbẹ̀. Mi ò mọ ẹni náà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mo rí i níbẹ̀ nígbà tí mo lọ ra bọ̀ọ̀lì, mo rẹ́rìn-ín, mo sì padà sínú kíláàsì. Ó yẹ kí n já a. Ọwọ́ mi méjèèjì wà lára mi.

Ìyá rẹ̀ dé ní nǹkan bí agogo méjìlá. Oògùn rẹ̀ tó gbàgbé sílé ló gbé wá fún un.

Igbe tí a gbọ́ kò ní ọ̀rọ̀ nínú. Gbogbo wa la yọjú lójú fèrèsé. Obìnrin náà ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ògiri, gèlè rẹ̀ ti bọ́, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ilẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, ọmọ rẹ̀ ti sáré jáde, òun tí wọn kì í jẹ́ kó sáré. Ó dúró síwájú rẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Màmi, èmi rèé."

Obìnrin náà wo ojú rẹ̀. Ó fà sẹ́yìn. "Ìwọ ta ni?"

"Èmi ni, màmi."

"Ta ló rán ọ sí mi?"

Gbogbo wa tó wà lójú fèrèsé ló gbọ́ ọ. A mọ ìtàn àwọn tó ti kú níbì kan tí wọ́n tún fara hàn níbòmíràn. Ó rò pé ọ̀kan nínú wọn ló dúró síwájú òun, lọ́sàn-án gangan, pẹ̀lú yunifọ́ọ̀mù tí òun fọwọ́ ara òun lọ̀. Ó na ọwọ́, ó di ẹsẹ̀ ọmọ náà mú, ó ń tẹ̀ ẹ́ wò láti ọrùn ẹsẹ̀ dé orúnkún, bí ẹni tó ń wo iṣu bóyá ó ti jinná. Nígbà tó dá a lójú, ó gbá a létí. Lẹ́yìn náà ló gbá a mọ́ra.

Nígbà tó dìde, ó lọ síbi ògiri. Mo rò pé yóò fa pósítà náà ya ni. Rárá. Ó fi èékánná bó o díẹ̀díẹ̀ láti igun kan sí ìkejì, kò jẹ́ kó ya, ó ká a sí mẹ́rin, ó sì fi sínú báàgì tó gbé oògùn wá.

Wọ́n tò wá jọ. Igbákejì ọ̀gá ilé ìwé mú pàṣán dání. Gbogbo kíláàsì ló mọ ẹni tó mọ àwòrán yà, ẹnu gbogbo wọn di. Igbákejì ọ̀gá yíjú sí ọ̀rẹ́ mi níkẹyìn. "Ìwọ fúnra rẹ, ta lo rò pé ó ṣe é?"

Ó wò mí. Kò pẹ́ púpọ̀. Ó ní, "Mi ò mọ̀, sà."

Wọ́n na gbogbo wa. Nígbà tí sáà yẹn parí, ìyá rẹ̀ mú un kúrò. Ọdún tó tẹ̀ lé e, èmi náà fi ìwé sílẹ̀, mo lọ kọ́ṣẹ́ táìsì lílẹ̀. Mi ò yàwòrán mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Kì í ṣe pé mo búra. Tí mo bá ti mú pẹ́ńsùlù, etí rẹ̀ ni ọwọ́ mi kọ́kọ́ ń fẹ́ yà.

* * *

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ti rí i ní New York. Lẹ́ẹ̀kan nínú ọkọ̀ ojú irin, lẹ́ẹ̀kan níbi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ ní àdúgbò wa ní Castle Hill, lẹ́ẹ̀kan lórí àtẹ̀gùn ibùdókọ̀. Ọrùn tín-ín-rín kan, etí méjì tó fẹ̀. Ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta yẹn, mo tẹ̀ lé e títí dé Parkchester. Ó yíjú padà, ó ní, "Ṣé kò sí wàhálà, ọ̀gá?" Ohùn àwọn tó ń sọ Sípáníìṣì ni. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo dúró síbẹ̀, àwọn ènìyàn ń yà fún mi bí omi ṣe ń yà fún òpó.

Ẹ̀san ni mo ń retí. Láti ọjọ́ tó ti sọ pé òun ò mọ̀, mo ń retí pé lọ́jọ́ kan yóò sọ pé òun mọ̀. Tí nǹkan burúkú bá ṣẹlẹ̀ sí mi, màá ní òun nìyẹn. Kì í ṣe òun. Ohun tí ọmọbìnrin yẹn sọ pẹ̀lú ṣípìsì lẹ́nu ni mo ti ń gbé nínú rẹ̀ láti ìgbà náà.

Mo fẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu mi pé èmi ni. Ká ní ó máa bú mi, kó bú mi. Mi ò fẹ́ ju ìyẹn lọ.

Lálẹ́ ọjọ́ ojo yẹn, mo kọ ọ̀rọ̀ sí ẹgbẹ́ Wáàsáàpù àwọn tí a jọ kàwé. Mi kì í sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Mo béèrè bóyá ẹnikẹ́ni mọ ibi tó wà.

Ọ̀kan ní, "Ará Amẹ́ríkà, o ṣì wà láyé? Ra fóònù fún wa."

Òmíràn ní, "Ẹni yẹn? Mo gbọ́ pé ó ti kú tipẹ́."

"Irọ́ lo pa. Mo máa ń rí ìyá ẹ̀. Ilé wọn ò jìnnà sí wa."

"Tó bá kú, pósítà ẹ̀ ì bá ti wà nílẹ̀. Ta ló rí pósítà ẹ̀?"

Kò sẹ́ni tó rí i. Gbogbo wọn gbà pé ó wà láyé. Èmi náà gbà. Mo ka ìlà yẹn lákàtúnkà, ọkàn mi fúyẹ́ bí ìgbà tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ lórí mi. Ẹni tó ń gbé nítòsí wọn fi nọ́ńbà ìyá rẹ̀ ránṣẹ́.

Ọ̀dọ̀ àǹtí mi, àbúrò ìyá mi, ni mo ń gbé. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, bí mo ti sọ ọ́ yìí. Ó ń yọ egungun lára ẹja nígbà náà. Ó gbé ẹja náà sílẹ̀.

"Ìwọ lo ṣe gbogbo ìyẹn?"

"Èmi ni, mà."

"Ìyá rẹ mọ̀?"

"Rárá, mà."

Ó fọ ọwọ́ rẹ̀. "O ò lè dá pè é. Kò dáa kí ẹni tó ṣẹ̀ dá dúró síwájú ìyá ọlọ́mọ. Àgbà ló máa kọ́kọ́ kí i, kó tó kan ìwọ. Lọ́jọ́ Àìkú, tí a bá dé láti ṣọ́ọ̀ṣì."

Aago méjì ọ̀sán la pè, aago méje ìrọ̀lẹ́ ni lọ́dọ̀ wọn. Àǹtí mi ò tíì bọ́ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó gbé fóònù sórí tábìlì kíṣìnnì, ó tẹ ohùn rẹ̀ sókè kí èmi náà lè gbọ́.

"Ta ló ń sọ̀rọ̀?"

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, mà. Ẹ má bínú, ẹ ò mọ̀ mí. Amẹ́ríkà la ti ń pè. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan wà lọ́dọ̀ mi níbí, òun àti ọmọ yín jọ kàwé."

"Ẹ ṣeun."

"A dúpẹ́, mà. Ṣé àlàáfíà ni? Iṣẹ́ ńkọ́? Ilé ńkọ́?" Àǹtí mi ń kí i bí a ṣe ń kí ènìyàn, ọ̀rọ̀ ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀, kò sí èyí tó ro tẹ́lẹ̀. "Ọmọ wa ńkọ́? Ṣé ara ọmọ wa le?"

Mo gbọ́ tẹlifíṣọ̀n lọ́dọ̀ obìnrin náà. Mo gbọ́ nígbà tó pa á.

Ó ní, "Ọmọ kan ṣoṣo ni mo ní. Kò sí mọ́. Ó ti pé ọdún méjì."

Àǹtí mi fọwọ́ bo ẹnu. Ó fi ìkejì juwọ́ sí mi pé kí n dọ̀bálẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ kíṣìnnì, àyà mi kan táìsì tútù. Ó gbé fóònù sílẹ̀ lẹ́bàá orí mi.

Mo ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà."

"Ohùn rẹ jìnnà."

"Mo dọ̀bálẹ̀ ni, mà."

"Ta ló ń wò ọ́? Dìde."

Mi ò dìde. Mo sọ orúkọ mi fún un.

"Ìwọ lo máa ń ya ẹja fún un."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ìwọ náà lo ya ìyẹn." Kì í ṣe pé ó ń béèrè.

"Èmi ni, mà."

"Mo mọ̀. Ọjọ́ náà gan-an ló sọ fún mi. Mo ní ká padà lọ sọ fún ọ̀gá yín, ó ní rárá. Ó tú u sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ní, 'Màmi, ẹ wo bó ṣe ya etí mi. Ẹ wò ó dáadáa.' Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ tún gbá a létí." Ó dà bí ẹni pé ó fẹ́ rẹ́rìn-ín. "Ó ń retí rẹ nígbà ọlidé yẹn. Ó ní o máa wá. Ó ní ojú ló ń tì ọ́."

Ilé wọn kò jìnnà sí tiwa nígbà náà. Mo gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá lọ gbá bọ́ọ̀lù ní gbogbo ọlidé náà.

"Nígbà tó lọ," ó ní, "àwọn mọ̀lẹ́bí ní kí n mú fọ́tò wá kí wọ́n fi ṣe pósítà. Mo ní kò sẹ́ni tó máa lẹ pósítà ọmọ mi. A ti lẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Nítorí náà kò sẹ́ni tó gbọ́. Ènìyàn mọ́kànlá péré ló sin ín."

"Ẹ dárí jì mí, mà. Ẹ jọ̀ọ́, mà."

"Mi ò ní ìyẹn lọ́wọ́ nísinsìnyí. Tí mo bá ní in, màá pè ọ́." Kò pariwo. Ká ní ó pariwo ni. "Gbọ́. Ìwé yẹn ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Ọmọ yẹn kì í rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò. Gbogbo fọ́tò rẹ̀ tí mo ní, ó panu mọ́, nítorí eyín rẹ̀. Èyí tí ìwọ yà nìkan ló ti ń rẹ́rìn-ín. Mi ò lè gbé e kọ́ sára ògiri pẹ̀lú ohun tó o kọ síbẹ̀. Mi ò lè gé e, mi ò lè sun ún. Ojú rẹ̀ ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Tún un yà fún mi. Ẹ̀rín yẹn náà ni kó o yà. Má kọ nǹkan kan sí i, àní orúkọ rẹ̀ pàápàá. Kí wọ́n bá mi gbé e wá."

Ó pa fóònù. Àǹtí mi ti jókòó, ó dorí kodò. "Èmi ni mo béèrè ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀," ó ní. "Èmi ni mo fi ẹnu mi béèrè." Ó ń sọ ọ́ ṣáá. Kò jẹun lọ́sàn-án ọjọ́ náà, bẹ́ẹ̀ sì ni èmi.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, àwòrán kan wọlé sórí fóònù mi láti ọ̀dọ̀ obìnrin náà, láìsí ọ̀rọ̀ kankan. Bébà tí wọ́n ká sí mẹ́rin, ìlà rẹ̀ gba àárín iwájú orí rẹ̀ kọjá. Ó DÌGBÓṢE. Ọwọ́ mi ni. Gàrí àti ẹ̀pà. Ó ń rẹ́rìn-ín sí mi.

Mo gbìyànjú láti yà á láìwo èyí, láti inú orí mi. Kò ṣeé ṣe. Ojú tí mo gbé wá sí New York kì í ṣe tirẹ̀ mọ́, ti gbogbo àwọn tí mo ti tẹ̀ lé lójú pópó ti dà pọ̀ mọ́ ọn. Àfi kí n gbé pósítà yẹn síwájú mi kí n máa wò ó. Nítorí náà òun ni mò ń wò lójoojúmọ́, nínú bọ́ọ̀sì, ní ìdí tábìlì bàbá nígbà tó bá ń sùn. Mo fi àtàǹpàkò bo ọ̀rọ̀ tó wà lókè, mo fi ìka bo èyí tó wà nísàlẹ̀, ojú nìkan á kù láàárín.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin náà bá mi níbẹ̀. Pẹ́ńsùlù rẹ̀ ni mo ń lò. Etí ti jáde, ojú ti jáde. Ẹnu ni kò tíì sí.

"Ẹ̀gbọ́n! Ẹ ò sọ fún mi pé ẹ mọ àwòrán yà. Ta nìyẹn?"

"Ẹnì kan tí a jọ jókòó ní kíláàsì."

"Kí ló ṣe tí kò fi ní ẹnu?"

Lórí tẹlifíṣọ̀n, ọmọ dẹ́rẹ́bà ti dé ọ̀dọ̀ ẹni tó kù nínú àwọn ọ̀tá rẹ̀, ìyẹn ń sunkún. Bàbá jí. Ó yí orí síhà ibi tí a wà, ó ń fi ojú òsì rẹ̀ wá wa.

"Kí lẹ ń wò?"

"Ẹ̀gbọ́n ya ọmọkùnrin kan, Bàbá àgbà."

Bàbá na ọwọ́. Mo gbé bébà náà lé e lọ́wọ́. Ó gbé e súnmọ́ ojú títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án, ó ń wò ó síhìn-ín, ó ń wò ó sọ́hùn-ún.

Ó ní, "Ìyá rẹ̀ ńkọ́?"

Ọmọbìnrin náà ti ń rẹ́rìn-ín, ó ti fẹ́ dá a lóhùn bó ṣe máa ń ṣe. Mo ṣáájú rẹ̀.

"Ó wà, Bàbá. Ó ń retí bébà yẹn."

Bàbá mirí sókè sódò. Ó dá a padà fún mi pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Mo tún pẹ́ńsùlù gbẹ́, mo gbé fóònù síwájú mi, mo fi àtàǹpàkò bo òkè, mo fi ìka bo ìsàlẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi eyín tó gun èkejì.